Àbẹ̀kẹ́, má fi sátíìnì bo ilé onílé

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ńkọ́? Àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́, àti ìyá rẹ̀ tó fi tíì ránṣẹ́ sí mi? Tíì náà dára, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Gbogbo wa níbí wà dáadáa, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Ajá ilé ti bímọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí i. Ìwọ náà mọ ìdí.

Ohun tí mo gbọ́ ló mú mi kọ̀wé. Wọ́n ní ilé ńlá Harewood, lẹ́bàá Leeds, lẹ ó ti ṣe ìnáwó ìgbéyàwó yín; wọ́n ní ènìyàn 40 péré lẹ fẹ́ pè. Wọ́n tún ní àwọn onídẹkọréṣọ̀n kan láti Peckham yóò kó sátíìnì funfun, bàlúùnù àti òdòdó oníke wá, wọn yóò sì fi bo gbọ̀ngàn ibẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, kí ló ṣe ọ́?

Mo mọ ilé yẹn. Nígbà tí mo ń kàwé ní Leeds, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan. Nínú yàrá gígùn tí wọ́n ń pè ní Gallery, mo rí aṣọ tí wọ́n ta sókè fèrèsé, tó ṣẹ́ po, tó sì rọ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí sílíìkì bá wúwo. Mo dúró, mo ń wò ó, mo ń bi ara mi pé èló ni wọ́n ń ta ọ̀pá kan irú èyí. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà rẹ́rìn-ín, ó ní igi ni. Ṣọ́ọ̀bù Thomas Chippendale, ọmọ Otley tí kò jìnnà síbẹ̀, ló gbẹ́ ẹ. Ilé tó ti fi igi ṣe aṣọ, sátíìnì wo lẹ tún fẹ́ fi bò ó? Ẹni tó ti wé gèlè, ṣé a tún ń dé e ní fìlà ni?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, nírú ilé bẹ́ẹ̀, wọn kì í sábà gbà kí èèyàn kan ìṣó, kó lẹ nǹkan mọ́ ògiri, tàbí kó tan àbẹ́là. Orí tábìlì ni iṣẹ́ rẹ wà. Tábìlì gígùn kan ṣoṣo, kí gbogbo yín yí i ká. Kí òdòdó má ga kọjá àyà ẹni tó jókòó, kí ojú lè máa rójú. Kí ìwọ àti ọkọ rẹ má sì lọ jókòó sórí pèpéle bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́.

Ẹ ó gbé nǹkan àdúrà síbẹ̀, mo mọ̀: oyin, iyọ̀, ataare, obì, orógbó. Má gbé ṣúgà. Owó ṣúgà Barbados àti òwò ẹrú ni ìdílé Lascelles ní lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé náà ní 1759; àwọn tó ni ín lónìí pàápàá ń sọ ọ́ fún àlejò. Bàbá rẹ ní kí ẹ má débẹ̀ rárá. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ jẹun, ẹ jó. Ṣùgbọ́n oyin ti tó wa fún adùn.

Èyí tó wá dùn mí jù ni orúkọ tí o yọ kúrò lára àwọn àlejò. Ní 1984 tí èmi ṣe tèmi, òfin wọn kò tíì gba ìgbéyàwó ìjọba nírú ilé bẹ́ẹ̀, 1995 ni wọ́n tó gbà á, nítorí náà rẹ́jísírì la lọ. Ènìyàn 30 ni mo pè. Mo yọ àbúrò bàbá wa tó wà ní Manchester, èyí tí o mọ̀ nínú fọ́tò. Ohùn rẹ̀ ni mo sá fún. Bó bá ti rí ìyàwó, oríkì ni, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró. Mo ń ro ojú tí ọ̀gá mi òyìnbó yóò fi wò mí. Àbúrò bàbá wa gbọ́ pé mo yọ òun. Lọ́jọ́ kẹta ìgbéyàwó, ẹni tó ń pín lẹ́tà gbé páálí kékeré kan dé: ìká sányán kan tí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn, tí a kò tíì gé, tí a kò tíì rán. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ó kú kí n tó rí ojú lọ bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò lè gbé aṣọ yẹn fún télọ̀.

Ìwọ náà wá yọ Màmá Birmingham, torí pé ó ń pariwo, ó sì ń da ọbẹ̀ sára. Ẹ̀yìn ta lo sùn títí o fi pé ọdún 2? Dá orúkọ rẹ̀ padà. Àárín tábìlì ni kí o gbé àga rẹ̀ sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ oríkì, kúnlẹ̀.

Mo ti fi sányán náà rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìbú rẹ̀ kò ju ìnṣì 4 lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, ó sì le díẹ̀ lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ sí àárín tábìlì láti orí dé ìdí, kí ó kọjá níwájú Màmá. Bó bá ṣẹ́kù, ká ìyókù jọ. Àwọn onídẹkọréṣọ̀n yẹn yóò fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Má jẹ́ kí wọ́n gé e.

Èmi ni,
Màmá Ìbàdàn