Kí Ló Dé Tí Géèmù Tuntun Fi Ń Jọ Ti Àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ

Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mo ní ọmọkùnrin kan tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń múra ìdánwò BAC sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ ń lọ déédéé, ṣùgbọ́n gbogbo àyè tó bá rí, ìdí géèmù ló máa ń wà. Irú géèmù tó yàn láàyò gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù orí PlayStation, níbi tí èèyàn ti ń rí òógùn lójú agbábọ́ọ̀lù. Tèmi ń gbá èyí tí àwòrán rẹ̀ rí gátagàta, bíi ti ìgbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì wà nílé. Mo ní géèmù àtijọ́ ni, ó ní rárá o, pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe é, pé owó gidi ni wọ́n sì ń tà á. Ní báyìí ó ti ń ya tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní ẹ̀rọ alágbára, kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò ní? Ṣé ọ̀lẹ ni, àbí ọgbọ́n ìtajà? Ṣé ọmọ lè ti ibẹ̀ rí nǹkan gidi ṣe, àbí kí n gba kọ̀ǹpútà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìyá aláṣọ, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí ayé àwọn ẹ̀gbọ́n yín.

Ní ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ Famicom jáde ní Japan. Nígbà tó di 1985, ó dé Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ ní NES, àwọn ayédèrú rẹ̀ sì tàn káàkiri ayé. Agbára ẹ̀rọ yẹn kéré púpọ̀. Igun mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n fi to gbogbo ohun tó ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, 256 níbùú, 240 lóòró. Píksẹ́lì ni à ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwòrán kékeré tó bá ń rìn, àwọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n lè fi kùn ún. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá ju mẹ́jọ lọ lórí ìlà kan, ẹ̀rọ ò lè gbé e mọ́, ìyókù á máa hàn, á máa pòórá.

Ẹ wá wo ohun tí àìní yẹn bí. Shigeru Miyamoto ló ya ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Mario lónìí, fún géèmù Donkey Kong ní 1981. Irun orí ṣòro láti fi píksẹ́lì díẹ̀ yà, ló bá dé e ní fìlà. Kò sí àyè fún ẹnu, ló bá fún un ní imú ńlá àti irunmú. Tó bá ń sáré, apá rẹ̀ kì bá hàn, ló bá wọ̀ ọ́ ní ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ gba èjìká, kí àwọ̀ apá lè yàtọ̀ sí ti ara. Nínú Super Mario Bros. ti 1985, ìkùukùu ojú ọ̀run àti igbó tó wà nílẹ̀, àwòrán kan náà ni. Wọ́n fi funfun kun ti òkè, wọ́n fi àwọ̀ ewé kun ti ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì fura.

Àìní ló bí i, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìní lọ, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò bá a lọ. Iṣẹ́ àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sára adé ni mo máa ń fi í wé: ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan kò sọ nǹkan kan, àmọ́ tí ẹ bá sún sẹ́yìn díẹ̀, ojú èèyàn á yọ. Bí orí èèyàn kò bá ju píksẹ́lì mẹ́jọ níbùú lọ, ẹyọ kan tí wọ́n sún sókè tàbí sísàlẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹni náà ń rẹ́rìn-ín ni àbí ó ń bínú. Ojú òǹwòran ló ń bá ayàwòrán parí ìyókù, ìdí nìyẹn tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í fi í tètè sú èèyàn.

Ẹ ní ṣé ọ̀lẹ ni. Ẹ bi ọmọ yín nípa Shovel Knight, ó dájú pé ó mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Yacht Club Games, ló gbé e jáde ní 2014. Ẹni tó bá wò ó fìrí á búra pé NES ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n fi àwọ̀ díẹ̀ kún èyí tí NES ní. Wọ́n jẹ́ kí àwòrán fẹ̀ tó tẹlifíṣọ̀n òde òní. Bí akọni ti ń lọ, òkè tó wà lẹ́yìn ń rọra rìn, igi tó sún mọ́ ń yára, kí ọ̀nà lè dà bí ọ̀nà tó jìn. Kò sì sí àwòrán tó ń pòórá mọ́. Ohun tó ń dun àwọn tó gbá géèmù láyé ọjọ́un ni wọ́n dà nù, èyí tó ń dùn mọ́ wọn ni wọ́n fi sílẹ̀. Kéèyàn tó lè ṣe irú àṣàyàn yẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ àtijọ́ dójú àmì.

Tẹlifíṣọ̀n pàápàá wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Tẹlifíṣọ̀n onígò, tó yọ gẹ̀dẹ̀ǹgbẹ̀ lẹ́yìn, kì í fi píksẹ́lì hàn kedere, ṣe ló máa ń pò wọ́n mọ́ra. Nínú Sonic the Hedgehog ti 1991, wọ́n ya omi tó ń dà láti orí òkè ní ìlà-ìlà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà méjì. Lójú tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, àwọn ìlà náà á pò pọ̀, èèyàn á rí omi mímọ́ tí òkè ń hàn lẹ́yìn rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà òní, ìlà lásán lẹ máa rí. Torí náà, igun mẹ́rin gátagàta tó ń ṣe yín ní kàyéfì yẹn, àwọn ẹ̀gbọ́n yín gan-an kò rí i gán-ún tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ òní ló fẹ́ràn etí rẹ̀ tó mú.

Ní tèmi, ìdí tó tóbi jù ni pé èèyàn kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é parí. Agbábọ́ọ̀lù tó ń làágùn lórí PlayStation yẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Eric Barone, ará Amẹ́ríkà, òun nìkan ló ya Stardew Valley, òun ló kọ orin rẹ̀, ìtàn rẹ̀ àti òfin tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tó fi ṣe é kó tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2016. Iṣẹ́ oko ni géèmù náà dá lé: ẹ gbin ẹ̀fọ́, ẹ bomi rin ín, ẹ bá ará abúlé ṣọ̀rẹ́. Dọ́là 15 ni wọ́n ń tà á lórí kọ̀ǹpútà, ó lé ní 8,000 fáráǹkì sẹ́fà. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, wọ́n ti ta á tó mílíọ̀nù 41. Ọ̀lẹ kò lè ṣe é.

Kì í ṣe píksẹ́lì nìkan ni wọ́n ń padà sí o. Cuphead, tó jáde ní 2017, àwòrán sinimá ọmọdé ti àwọn ọdún 1930 ló tọ̀ lẹ́yìn. Orí pépà ni wọ́n ti fi ọwọ́ ya àwọn èèyàn inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ béèrè ọgbọ́n ìtajà náà, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín: ó wà. Àwọn kan mọ̀ pé àgbà ń ṣàárò ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n á kàn da píksẹ́lì bo ohun tí kò dáa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi ohun tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ hàn yín. Kó wo bóyá gbogbo igun mẹ́rin inú àwòrán tóbi bákan náà. Bí igi bá jẹ́ onípíksẹ́lì ńlá, tí idà akọni sì jẹ́ kékeré, tí wọ́n tún ń yí i dà wàlàwàlà, ẹni tó ṣe é kò kọ́ṣẹ́.

Ó wá ku ọmọ wa. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kò dí i lọ́wọ́. PICO-8 wà, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, àwòrán rẹ̀ kò ju píksẹ́lì 128 níbùú àti 128 lóòró lọ, àwọ̀ 16 ló sì ní. Èyí tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí rẹ̀ ni Maddy Thorson àti Noel Berry ti ṣe géèmù kékeré kan ní ọjọ́ mẹ́rin ní 2015. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dàgbà, ó sì di Celeste ní 2018, tó gba àmì ẹ̀yẹ géèmù olómìnira tó dára jù nínú The Game Awards ọdún yẹn. Tó bá fẹ́ yàwòrán nìkan, Piskel àti LibreSprite kò gba kọ́bọ̀.

Ohun tó máa yà kò jìnnà sí i. Ẹ ní kó ya Zángbétò, ọdẹ òru ìlú yín. Ìbòrí ọ̀gọ̀mọ̀ tó tóbi nísàlẹ̀, tó ṣóńṣó lókè: ọmọ Àjàṣẹ́ kankan kò ní ṣì í mọ̀, kódà bí kò bá ju píksẹ́lì 16 lọ. Àwọ̀ mẹ́ta ti tó o: èyí tó ṣókùnkùn fún ibi òjìji, pupa rúsúrúsú fún ara, àwọ̀ ìyeyè fún ibi tí oòrùn ti ń bà á. Tó bá fẹ́ kó máa pòòyì, àwòrán mẹ́rin péré ló nílò. Kó sún ìlà ọ̀gọ̀mọ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ ọ̀gọ̀mọ̀ fẹ̀ sí i lójú ẹ̀kẹta bí ìgbà tí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀. Kó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè ohun tó yẹ kó hàn àti èyí tí kò yẹ. Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú yín náà wà, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Brazil, ó tó ìran kan gbáko. Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Cameroon, gbé Aurion jáde ní 2016, àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà, ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe ti píksẹ́lì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni wọ́n ti ṣe é.

Mi ò lè ṣèlérí owó fún yín. Ọ̀pọ̀ géèmù ló ń jáde tí ẹnikẹ́ni kì í rà. Àmọ́ ìṣirò, ìyàwòrán àti sùúrù tó ń kọ́ níbẹ̀, yóò bá a dé ẹnu iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ bá a ṣàdéhùn: ìwé BAC lọ́jọ́ iṣẹ́, géèmù ní òpin ọ̀sẹ̀. Kó ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, ìran kan ṣoṣo, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin. Tó bá parí rẹ̀, kó gbé e fún ọmọdé kan ládùúgbò gbá, kó jókòó tì í láì là á lọ́yẹ̀, kó sì máa kọ gbogbo ibi tí ọmọ náà bá há sí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.