OWÓ IBODÈ ÈÉFÍN ÀTI KÒKÓ YÍN

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí oníṣòwò kan bá sọ fún yín nídìí òṣùwọ̀n pé òun yóò yọ owó lórí àpò kòkó kọ̀ọ̀kan nítorí “owó èéfín” tí àwọn ará Yúróòpù ń gbà, ẹ má ṣe gbà fún un. Irú owó bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kan kòkó.

Láyé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó sí ẹnu odi ìlú, a sì máa gba owó lọ́wọ́ alájàpá kí ẹrù rẹ̀ tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń ṣe nísinsìnyí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tiwọn ń san owó lórí èéfín tí wọ́n ń tú sí afẹ́fẹ́, nítorí pé èéfín náà ń mú kí ayé gbóná sí i. Bí irú ọjà kan náà bá ti òkèèrè wọlé láìsan nǹkan kan, yóò gba oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìròyìn nìkan ni wọ́n ń gbà. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 ni owó ti ń di gbèsè lọ́rùn ẹni tí ó bá kó ọjà wọlé lọ́hùn-ún. Ọjà tí ó kàn ni sìmẹ́ǹtì, irin, alumíníọ̀mù, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, iná mànàmáná àti háídírójìn. Kò sí kòkó níbẹ̀, kò sí kajú.

Òfin mìíràn ni ó kan kòkó, òun ni ó sì yẹ kí ẹ fi ọkàn sí. Wọ́n ṣe é ní ọdún 2023. Ó ní kòkó kò gbọdọ̀ wọ Yúróòpù bí ó bá ti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá, tàbí bí a bá rú òfin ilẹ̀ wa láti gbìn ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún un síwájú. Ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2026 ni wọ́n dá fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá báyìí. Òfin yìí kì í gba owó ibodè. Ọjà ni ó ń dá padà, èyí sì burú jù. Oko tí baba yín gbìn kò ní ìyọnu. Ẹni tí ó ń gbin kòkó sínú igbó ìjọba ni kí ó bẹ̀rù.

Kí ẹgbẹ́ kọ oko olúkúlùkù sínú ìwé. Bí oko kò bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, èyí tí ó tó bí éékà mẹ́wàá, àmì ibì kan ṣoṣo tó: ẹ mú fóònù tí ó lè fi ibi tí ènìyàn dúró hàn, ẹ dúró láàárín oko, kí ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì tí ó gbé jáde, títí dé nọ́ńbà kẹfà lẹ́yìn àmì kékeré tí ó wà láàárín. Bí oko bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rìn yí ààlà rẹ̀ ká. Àwọn ọmọ yín lè ṣe é. Kò yẹ kí ẹ sanwó fún àjèjì nítorí rẹ̀.

Dída kòkó pọ̀ ni ó léwu jù. Bí ẹ bá da àpò kan tí ẹ kò mọ oko rẹ̀ mọ́ ọgọ́rùn-ún tí ẹ mọ̀, olùrà lè kọ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà oko sára àpò kí ó tó kúrò níbi tí ẹ ti ń sá a. Bí ẹnikẹ́ni bá sì yọ “owó èéfín” lórí rẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí ó kọ ọ́ sínú rìsíìtì, kí ó sì fọwọ́ sí i.