Kí A Tó Bẹ̀rù, Kí A Kọ́kọ́ Wọ̀n Ọ́n: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìgbì Rédíò Inú Fóònù Wa

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan tí yóò wúlò nínú ilé, yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni ọkàn wa lọ. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wa gbé rédíò kékeré kan lé orí tábìlì, ó ń tan iná mànàmáná yàrá náà, ó sì ń pa á. Bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni rédíò ń dáhùn, tá! tá!, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí okùn kankan tó so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan nínú wa pariwo pé àǹjọ̀nnú ni. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí ẹ tó bẹ̀rù nǹkan, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná." A kò gbàgbé ariwo rédíò náà, ṣùgbọ́n a gbàgbé ọ̀rọ̀ olùkọ́, ìgbàgbé yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti ìdílé kan jẹ́.

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ, ní 2004, tí ìròyìn kan fi gba ìlú kan pé àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìpè wọn yóò ṣubú lulẹ̀, yóò sì kú. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sẹ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí, tí a ti jókòó nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, tí a tún ti kẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ àlùfáà, dúró lórí pẹpẹ ìwàásù, a sì kìlọ̀ fún ìjọ pé kí wọ́n má ṣe gbé ìpè nọ́ńbà tí wọn kò bá mọ̀.

Ìyá kan nínú ìjọ ní ọmọ tó ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Òkè Ọya. Ibà dá ọmọ náà dùbúlẹ̀. Kò ní fóònù ti ara rẹ̀, nítorí náà ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn, ó ń pe ìyá rẹ̀. Nọ́ńbà àjèjì ni ìyá ń rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi gbé e. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà, nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Ìyá náà kò bá wa jà. Ó kàn wí pé, "Àlùfáà, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ká má gbé e." Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé a kò tún ní fi ohun tí a kò wádìí kọ́ ènìyàn. Ẹ̀kọ́ tí a wádìí ni èyí.

Kí ni fóònù ń tú jáde?

Fóònù jẹ́ rédíò tí ń gbọ́ tí ó sì ń fèsì. Bí a bá sọ̀rọ̀ sí i, ó ń sọ ohùn wa di ìgbì rédíò, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí òpó tó wà nítòsí. Ìgbì yìí kò yàtọ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ìdílé kan náà ni wọ́n. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yára mì tó. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbì tí GSM ń lò ní Nàìjíríà ń mì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 900 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà tí a fi ń ka Bíbélì lálẹ́ ń mì jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó ju 400,000 lọ, ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn sì tún yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ìtànṣán tí a fi ń ya egungun ní agbára láti já ohun kéékèèké inú ara wa tí Ẹlẹ́dàá so pọ̀, ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń sá sẹ́yìn ògiri. Ìgbì fóònù kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ dájú pé ó lè ṣe fún ara ni kí ó mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Fóònù GSM kì í kọjá wáàtì 2 nígbà tí ó bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀, kì í sì í lò ó láìdábọ̀. Ó ń fọ́n ìgbì rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ àkókò ìpè, nítorí náà ìpíndọ́gba rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin wáàtì kan lọ.

Ṣé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè yìí ni àwọn òbí ń bi wa jùlọ. Ní 2011, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ fi ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí àwọn ohun tí "ó ṣeé ṣe" kí wọ́n fa àrùn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì sá lọ. Ìtumọ̀ ìsọ̀rí náà ni pé ẹ̀rí tó wà nígbà náà kò pọ̀ tó láti dá a lẹ́bi, kò sì tó láti dá a láre pátápátá. Nínú ìsọ̀rí kan náà ni wọ́n fi oje odindi ewé aloe vera sí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń mu bí àgbo.

Àwọn onímọ̀ kò dákẹ́ síbẹ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 13, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, kò rí i pé àrùn jẹjẹrẹ inú ọpọlọ pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo fóònù lápapọ̀. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀ lọ́wẹ̀ tún kó àwọn ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, wọn kò sì rí i pé lílo fóònù ń fa àrùn jẹjẹrẹ ọpọlọ. Bí iye fóònù ti pọ̀ sí i lágbàáyé tó, àrùn náà kò bá a pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra ní ọ̀nà tí kò ná an ní nǹkan. Ẹ ronú nípa iná ìdáná: ẹni tó súnmọ́ ààrò ni ooru ń mú jù, bí ó bá sún sẹ́yìn díẹ̀, ooru ti dín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì fóònù. Bí a bá lo gbohùngbohùn rẹ̀ tàbí okùn etí, tí a sì gbé e jìnnà sí orí, ìwọ̀n tó dé ara wa yóò dínkù púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ èyí pẹ̀lú: bí òpó bá jìnnà, fóònù a máa fi agbára púpọ̀ sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò ṣe ń pariwo. Nítorí náà, ẹni tó ń bẹ̀rù òpó, tí ó fẹ́ kí wọ́n gbé e jìnnà réré, ń sọ fún fóònù tó wà létí ọmọ rẹ̀ pé kí ó pariwo sí i.

Níbi tí ó ti ń dí ẹ̀rọ mìíràn lọ́wọ́

Apá yìí ni ẹ̀rù ti ní ìdí díẹ̀, ìdí náà sì ṣeé wọ̀n.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn. Ta ni kò tíì gbọ́ ìró "tìtì-tìtì-tìtì" tó máa ń dún nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́, kí fóònù ẹnìkan tó dún? Fóònù GSM ń fọ́n ìgbì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, nǹkan bí ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń gba ìgbì náà mú láìmọ̀, ó sì ń sọ ọ́ di ìró. Ohun tí olùkọ́ wa fi rédíò àti iná hàn wá gan-an nìyí. Àwọn fóònù ìran tuntun kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tí àwọn dókítà ń fi sí àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé. Àwọn àgbàlagbà kan nínú wa ti ní in. A mọ bàbá kan tó fi ilé ìjọsìn sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nítorí ẹnìkan sọ fún un pé fóònù àwọn tó jókòó yí i ká yóò dá ọkàn rẹ̀ dúró. Ìmọ̀ràn àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ni pé kí ẹni tó ní ẹ̀rọ yìí jẹ́ kí fóònù jìnnà sí i tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Kí ó má ṣe fi fóònù sínú àpò àyà, kí ó sì gbé e sí etí tó wà ní òdìkejì ẹ̀rọ náà. Kí ó ṣọ́ra jù fún àwọn fóònù tuntun tó ní òòfà nínú. Fóònù ẹni tó jókòó lórí àga kejì kò lè pa á lára. Nígbà tí bàbá náà gbọ́ èyí lẹ́nu dókítà rẹ̀, ó padà sí ìjókòó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ òfuurufú. Awakọ̀ ń fi rédíò bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀, a kò sì fẹ́ kí "tìtì-tìtì" wọ inú etí rẹ̀ nígbà tó ń balẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n fẹ́ tan òpó 5G, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú fi àìbalẹ̀ ọkàn hàn, nítorí ìgbì rẹ̀ súnmọ́ èyí tí ẹ̀rọ kan nínú ọkọ̀ fi ń wọn bí ó ṣe ga tó sí ilẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà gbà láti dúró ná nítòsí àwọn pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì tún àwọn ẹ̀rọ ṣe. Ẹ wo bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rù: wọ́n dárúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń bẹ̀rù fún, wọ́n sì wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni ilé epo. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n wádìí ọ̀pọ̀ iná tí wọ́n ní fóònù ló dá sílẹ̀. Iná mànàmáná tí ara ènìyàn ń kó jọ bí ó ṣe ń jókòó tó ń dìde nínú ọkọ̀ ni wọ́n rí, kì í ṣe ìgbì fóònù. Síbẹ̀, bí ilé epo bá ní kí a pa fóònù, ẹ jẹ́ kí a pa á. Ẹni tó ń bu epo kò gbọdọ̀ fi ọkàn sí nǹkan mìíràn.

Òpó tó wà lẹ́yìnkùlé

Ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, wọ́n dáná sun òpó ìbánisọ̀rọ̀ ní àwọn ìlú kan ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n gbà pé 5G ló mú àrùn náà wá. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú, àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan sì wàásù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní àkókò náà, ìdánwò ráńpẹ́ nìkan ni wọ́n ti fi 5G ṣe ní Nàìjíríà ní 2019. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń tà á fún ará ìlú, àrùn sì wà láàárín wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ tipẹ́ pé ìwọ̀n ìgbì òpó tó ń dé ara ènìyàn wà láàárín 0.002 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n tí àgbáyé fi lélẹ̀. Bí òpó kan bá ń yọ àdúgbò lẹ́nu, ẹ yẹ ẹ̀rọ amúnáwá ìdí rẹ̀ wò: èéfín rẹ̀ àti ariwo rẹ̀ ni ẹjọ́ tó tọ́ kí a gbé lọ sọ́dọ̀ aláṣẹ.

Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù

Fóònù ń pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípasẹ̀ ìgbì rẹ̀. Ojú pópó ni ó ti ń pa wọ́n. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ka lílo fóònù lórí ìdarí ọkọ̀ léèwọ̀, síbẹ̀ àwa òbí ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, a ń fi èkejì gbé fóònù, àwọn ọmọ wa sì jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹni tó ń fa fóònù ọmọ gbà nítorí ìgbì, tí ó sì ń tẹ iṣẹ́-ìjẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó ń sá fún òjìji, ó sì ń tẹ ejò mọ́lẹ̀.

Ewu kejì ni irọ́. Pọ́ọ̀lù gba àwọn ará Tẹsalóníkà níyànjú pé kí wọ́n yẹ ohun gbogbo wò kí wọ́n tó dì í mú. Ẹni tó bá fi ìròyìn tí kò wádìí ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti jẹ́rìí níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ irọ́, ẹlẹ́rìí èké ni. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ tó ń ṣàìsàn dúró de ọjọ́ náà.

Ọmọ ìyá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti di bàbá báyìí. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé e, yálà ó mọ nọ́ńbà náà tàbí kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá bi í léèrè, ó máa ń dáhùn pé, "Ta ló mọ ọmọ ẹni tó ń pè?" Abéèrè kì í ṣìnà. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ilé-ìwé wa ṣaláìní àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọmọ wa láti béèrè, kí wọ́n sì wọ̀n.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Kí ló dé tí ìtànṣán tí a fi ń ya egungun fi lè já ohun inú ara, tí ìgbì fóònù kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀?
2. Bí bàbá àgbà bá ní ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn, níbo ni kò gbọdọ̀ fi fóònù sí?
3. Kí ni ó yẹ kí a béèrè kí a tó fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn?
4. Èwo nínú àwọn ewu tí a kà yìí ni ó wà nínú ọkọ̀ ìdílé wa lónìí, kí ni a ó sì ṣe sí i?