Ìdáàbòbò Àyíká àti Ẹ̀tọ́ Aláìní: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Himà Khalífà Umar

Ìfáárà

Láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fẹnu kò sí àdéhùn Paris lórí àyípadà ojú ọjọ́ ní ọdún 2015, dídín èéfín epo rọ̀bì àti gígé igbó kù ti di ọ̀rọ̀ àwọn ìjọba ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìjọba Nàìjíríà ṣe ìlérí ní ìlú Glasgow pé, nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2060, èéfín tí orílẹ̀-èdè yìí ń tú sí òfuurufú kò ní ju èyí tí igbó àti ọ̀nà mìíràn lè fà mọ́ra lọ. Inú oṣù náà ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin lórí àyípadà ojú ọjọ́.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ta ni yóò ru ẹrù ìyípadà náà? Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má gé igi mọ́, kí ni ìyá aláàkàrà yóò fi dáná? Bí owó epo bá gun òkè, ta ni yóò san án lára onímọ́tò mẹ́ta àti gẹ̀rígẹ̀rí tó ń fi ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ṣiṣẹ́? Èrò wa ni pé nínú Ìsìláàmù, ìdáàbòbò àyíká àti ìtọ́jú aláìní kì í ṣe ètò méjì tí a ó ṣe ọ̀kan tán kí a tó ronú kan èkejì. Inú òfin kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Ẹ̀rí tí a ó gbé yẹ̀ wò ni himà, èyíinì ni pápá tí olórí pa láṣẹ pé kí a dáàbò bò.

Himà kí Ìsìláàmù tó dé àti lẹ́yìn rẹ̀

Ní ayé àìmọ̀kan, àwọn alágbára nínú àwọn olóyè Lárúbáwá a máa gba ilẹ̀ ìjẹko tó dára jù fún ẹran tiwọn nìkan. Àwọn onímọ̀ ròyìn pé irú olóyè bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ajá rẹ̀ gbó láti orí òkè, ibi tí ìró rẹ̀ bá sì dé ni ààlà pápá rẹ̀. Àńábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fòpin sí àṣà yìí. Ó là á yé wa pé himà kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni bí kò ṣe Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ànfààní gbogbogbò nìkan ni a lè tìtorí rẹ̀ sé pápá. Ní al-Naqi, òun fúnra rẹ̀ ya pápá sọ́tọ̀ fún àwọn ẹṣin ogun.

Nígbà ìṣàkóso Umar ọmọ al-Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), al-Sharaf àti al-Rabadha náà di himà. Imam Malik gbé ìtàn tí ó tẹ̀ lé e sínú al-Muwatta, al-Bukhari náà sì gbé e jáde. Umar fi ẹrú rẹ̀ kan tí ó ti gba òmìnira, Hunayy, ṣe alábòójútó himà. Ó kìlọ̀ fún un pé kí ó bẹ̀rù àdúà ẹni tí a bá ṣe àbòsí sí. Ó ní kí ó jẹ́ kí olówó ràkúnmí díẹ̀ àti olówó àgùntàn díẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún agbo ẹran Abdur-Rahman ọmọ Awf àti ti Uthman ọmọ Affan. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹran àwọn méjèèjì bá kú, wọ́n ní oko àti ọgbà dàbínù tí wọ́n lè padà sí. Bí ti aláìní bá kú, yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá Khalífà, Khalífà kò sì lè pa á tì. Nítorí náà, omi àti koríko rọrùn fún un láti yọ̀ǹda ju wúrà àti fàdákà lọ.

Ohun tí a rí kọ́

Àkọ́kọ́, Umar kò tìtorí aláìní tú himà ká. Pápá ṣì wà ní sísé, alábòójútó rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Èkejì, kì í ṣe ìjìyà ni ó fi jẹ àwọn ọlọ́rọ̀, nítorí àgbà sàhábà tí a ti fún ní ìró Àlùjánnà ni àwọn méjèèjì. Ohun tí ó wò ni ẹni tí ó ní ibòmíràn tí ó lè yà sí àti ẹni tí kò ní. Ẹ̀kẹta, ó gbọ́ ẹ̀dùn àwọn onílẹ̀. Ó gbà pé wọn yóò rò pé òun ṣe àbòsí sí wọn, ó sì búra pé bí kì í bá ṣe ti àwọn ẹran tí a ń lò lójú ọ̀nà Ọlọ́hun, òun kì bá tí sé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan nínú ilẹ̀ wọn. Ẹ̀kẹrin, ó ṣírò ohun tí ìnira aláìní yóò ná ìjọba lọ́jọ́ iwájú. Àwọn àgbà wa náà mọ èyí: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Àpẹẹrẹ láti Senegal

Ní àkókò tiwa, gáàsì ìdáná ní Senegal fi bí ẹnu ọ̀nà himà ti ṣe pàtàkì tó hàn. Lẹ́yìn ọ̀dá tó mú ilẹ̀ Sahel ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba ibẹ̀ rí i pé èédú tí àwọn ará ìlú ń dá ń run igbó. Ní ọdún 1974 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò gáàsì. Wọ́n yọ owó aṣọ́bodè kúrò lórí àwọn ohun èlò rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi owó ìrànwọ́ sí orí gáàsì inú sílíńdà kékeré. Gáàsì tí wọ́n ń lò, tí kò tó 3,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún nígbà náà, ti sún mọ́ 100,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Igbó rí ìsinmi díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ńlá, pàápàá àwọn tó rí já jẹ, ni wọ́n jẹ púpọ̀ nínú owó náà. Igi ni ará abúlé ṣì ń dá. Nígbà tí ẹrù náà wúwo fún ìjọba, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní nǹkan bí ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ìdílé padà sídìí èédú. Wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì tì í mọ́ gbogbo ènìyàn. Kò sí Hunayy níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ láti Nàìjíríà

Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500. Òótọ́ ni pé ọlọ́kọ̀ púpọ̀ ló ń jẹ nínú owó náà jù, àwọn onímọ̀ àyíká sì ti ń sọ tipẹ́ pé epo olówó pọ́ọ́kú ń mú kí a fi í ṣòfò. Ìṣòro wà nínú ètò. Ìnira dé ní oṣù kẹfà. Ní oṣù keje, ìjọba dá àbá 8,000 náírà lóṣù fún ìdílé mílíọ̀nù 12, ariwo ará ìlú sì mú kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Oṣù kẹwàá ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ 25,000 náírà fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 wọ́n dá a dúró nítorí ìwádìí. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì kí a tó máa wá ẹni tí ó yẹ kí a jẹ́ kí ó wọlé.

Ìmọ̀ràn

Àwọn kan lè fi hàdíìsì tó sọ pé omi, koríko àti iná jẹ́ ohun àjùmọ̀ní àwọn Mùsùlùmí jiyàn pé epo gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀pọ́ fún gbogbo ènìyàn. Àjùmọ̀ní kò túmọ̀ sí ìnáàpà, èyí tí Alùkùránì kọ̀ fún wa. Ohun àjùmọ̀ní gan-an ni ó nílò alábòójútó. A rí i nínú fíkìhí pé ohun tí olórí bá ṣe lórí ará ìlú gbọ́dọ̀ so mọ́ àǹfààní wọn. Fún ìdí èyí, a dá àbá mẹ́ta.

Ìkíní, kí ohun tí a ó fi rọ́pò ṣáájú ohun tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ aláìní. Kí sítóòfù àti gáàsì dé abúlé kí a tó lé àwọn tó ń sun èédú kúrò nínú igbó. Ìkejì, kí ẹrù kọ́kọ́ wà lórí ẹni tó ní ibi tí yóò yà sí. Ìkẹta, kí àwa fúnra wa lo ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ fíkìhí kò fọwọ́ sí i pé kí a ná sàká lórí iṣẹ́ gbogbogbò, nítorí ẹ̀yà mẹ́jọ tí Ọlọ́hun dárúkọ nínú Súrà Tawba ni ó wà fún. Síbẹ̀, a lè fi sàká ra sítóòfù fún tálákà kí ó di tirẹ̀. Wàkáfù ni ó bá iná oòrùn mọ́sálásí, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn mu.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ àwọn àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju kí a sọ fún aláìní lórí mínbárì pé kí ó ṣe sùúrù. Umar kò sọ bẹ́ẹ̀ fún olówó àgùntàn díẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ìjọba tó bá fẹ́ kí igbó àti ojú ọjọ́ wa dára lè sé pápá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀tọ́ aláìní ni kí a ti mọ ibi tí yóò gbà wọlé kí ọgbà tó dúró. Àdúà ẹni tí a ṣe àbòsí sí ni Umar fi ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó tó dárúkọ ràkúnmí tàbí koríko rárá.