Ẹ̀rọ tí ń Yọ Ọ́síjìn láti inú Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin ará Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, bí òtútù àyà bá kọlu ọmọdé, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dínkù títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n afẹ́fẹ́, nǹkan bí 21 ni ọ́síjìn. Náítírójìn ni ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ẹ̀rọ yìí a máa ti afẹ́fẹ́ gba àárín òkúta wẹ́wẹ́ tí ń gbá náítírójìn mú. Ọ́síjìn tí ó ṣẹ́kù a sì gba rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ imú aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí iná mànàmáná bá kú, ẹ̀rọ dúró nìyẹn; nítorí náà ni ó fi yẹ kí àgbá irin ọ́síjìn wà nítòsí.

Ní ọdún 2015, Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Melbourne bẹ̀rẹ̀ ètò ọ́síjìn ní ilé ìwòsàn 12 ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Oǹdó. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, nítorí ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n dájú.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ sì ń wọnú, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la. Kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán.