Kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ra àpótí irinṣẹ́ onítáyà

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá fẹ́ ra àpótí irinṣẹ́ onítáyà, irú èyí tó ní dúrọ́ọ̀ lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n sì lè tì kiri, gbọ́dọ̀ fi òwe yìí sọ́kàn kó tó tú owó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ra àpótí yìí nítorí àwọ̀ pupa tó ń dán àti gíga rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e délé tán, ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ sí náà ni yóò wà títí ayé, nítorí pé táyà rẹ̀ kò lè yí lórí ilẹ̀ ilé wọn.

Nílùú Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti Láfẹ́nwá dé Ọbáńtokò, láti Odédá dé Ìfọ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, káfíńtà, oníná àti àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ló jẹ́ pé iwájú ilé tàbí ẹ̀yìnkùlé wọn náà ni ìsọ̀ wọn. Inú garawa ọ̀dà tó ti tán, inú àpò tàbí abẹ́ bẹ́ńṣì ni irinṣẹ́ wọn máa ń wà. Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n mú sípánà 13 wá, ọmọ iṣẹ́ á da gbogbo garawa sílẹ̀ kó tó rí i. Bí kò bá rí i, á lọ yá a ní ìsọ̀ kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí oníṣẹ́ kan bá ń fi ìṣẹ́jú 15 péré wá irinṣẹ́ lójúmọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 90 ló sọnù lọ́sẹ̀ kan. Nínú ọ̀sẹ̀ 50, ó ti di wákàtí 75. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́ ti fi ohun tó lé ní ọjọ́ iṣẹ́ 9 ṣòfò láàárín ọdún kan, kò sì sí oníbàárà tó máa san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn fún un. Ìdí rèé tí àpótí fi wúlò. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ìsọ̀, olùṣọ́ owó òwò ni. Ṣùgbọ́n èyí tó bá bá irinṣẹ́, ilẹ̀ àti ààbò ilé mu nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun tó yẹ kó wà nílé tẹ́lẹ̀

Kí gbogbo nǹkan ní àyè tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá lọ́dún 1859, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn jẹ́ irin kékeré tí wọ́n ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú pẹrẹsẹ onígi tó ní ojúlé kéékèèké ni àwọn atẹ̀wé ń kó wọn sí, lẹ́tà kan sí ojúlé kan. Bí ẹni kan bá dá lẹ́tà padà sí ojúlé tí kì í ṣe tirẹ̀, àṣìṣe ni yóò jáde nínú ìwé. Dúrọ́ọ̀ àpótí irinṣẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wá láti Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1920, Joseph Johnson dá ilé iṣẹ́ Snap-on sílẹ̀ lórí èrò kan tó rọrùn: sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 tí wọ́n lè máa fi sí ọwọ́ irin 5 lè ṣe iṣẹ́ tí irinṣẹ́ 50 ń ṣe. Ìtumọ̀ èyí fún oníṣẹ́ Ẹ̀gbá ni pé kó tó wá àpótí ńlá, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo irinṣẹ́ tó ní. Èyí tó ti kú pátápátá, kó yọ ọ́ kúrò. Èyí tó jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀kan tó, kó tà á. Àwọn kan máa rí i pé ìdajì ẹrù tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ ra àpótí kì í ṣe irinṣẹ́ rárá, irin àlòkù ni.

Lẹ́yìn èyí ni kó wọn ohun tó kù. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ládùúgbò ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé kọ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n á gbà láti fi wọn irinṣẹ́. Kó fi téèpù wọn irinṣẹ́ tó gùn jù lọ, nítorí òun ló máa sọ bí dúrọ́ọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Sípánà àti súkúdíráfà kò nílò ju dúrọ́ọ̀ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5, ṣùgbọ́n dírìlì àti òòlù ńlá nílò èyí tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí 20. Kó fi bí ìdá mẹ́rin-dín ọ̀kan àyè sílẹ̀ fún irinṣẹ́ tí yóò rà lọ́jọ́ iwájú. Kò yẹ kó fi jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àyè tó ṣófo máa ń di ibi ìkó-pàǹtí-sí.

Ilẹ̀ ló ń yan táyà

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú àpótí yìí, lókè òkun, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àpáta ni ìlú wà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ, òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, òkúta àti yanrìn sì wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé. Táyà oníke tí kò ju ínṣì 2 lọ máa rì sínú yanrìn, òkúta tí kò tó ẹ̀kùrọ́ sì lè dá a dúró. Táyà tó tó ínṣì 5, tí rọ́bà líle wà lára rẹ̀, ló dára jù fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí méjì lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí méjì tó kù dúró lójú kan. Kí àwọn tó ń yí ní búréèkì tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá ti dagẹrẹ.

Ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ká ní àpótí òfìfo wọn kílò 60, irinṣẹ́ sì wọn kílò 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 180. Ẹni tó bá pín in sí 4 máa rò pé kílò 45 ni táyà kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, táyà 3 péré ló sábà máa ń kan ilẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, 3 ló yẹ kó fi pín in, èyí tó máa fún un ní kílò 60. Táyà tí agbára rẹ̀ kò bá tó kílò 60 máa wọ́ tàbí kó kán láìpẹ́.

Bí iwájú ilé bá jẹ́ yanrìn pátápátá, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí onílé da sìmẹ́ńtì sí ibi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́, kó tó ra àpótí. Èkejì ni kó ra àpótí aláìní-táyà tí yóò dúró sínú ilé, kó sì ní àpótí kékeré kan tí ọwọ́ lè gbé fún irinṣẹ́ tó ń lò lójoojúmọ́. Oníná tàbí púlọ́ńbà tó jẹ́ pé ilé àwọn oníbàárà ló ti ń ṣiṣẹ́ kò nílò àpótí onítáyà rárá. Báàgì tó lágbára ló yẹ ẹ́.

Irin tó nípọn, dúrọ́ọ̀ tó ń fà

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí irin pẹlẹbẹ ṣe nípọn tó ni wọ́n ń pè ní géèjì, ó sì máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni irin ṣe nípọn tó. Géèjì 18 nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 1.2, géèjì 20 jẹ́ bíi 0.9. Ẹni tó bá ń sọ fún oníbàárà pé géèjì 22 dára ju 18 lọ torí pé nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù, ọjà tó fẹ́lẹ́ ló ń tà.

Kí ẹni tó ń rà á fa dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde dé òpin. Kó fi ọwọ́ tẹ igun rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń tẹ̀, tàbí tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n, kó fi sílẹ̀. Irú ọ̀nà méjì ni dúrọ́ọ̀ ń gbà rìn: irin tó ń ha lórí irin, àti èyí tó ní bíárìn nínú. Oní-bíárìn wọ́n jù, àmọ́ òun ló ń fà wẹ́rẹ́ bí ẹrù bá wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó dára máa ń gbé tó kílò 45 ní dúrọ́ọ̀ kan.

Ewu kan tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fa dúrọ́ọ̀ mẹ́ta tó kún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àpótí lè dojú bolẹ̀ lé ènìyàn lórí. Irinṣẹ́ tó wúwo gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo ni kí wọ́n sì máa ṣí. Ilé tí ọmọdé bá wà, kí wọ́n máa ti àpótí pa.

Ohun tó ń yí fún olówó, ó ń yí fún olè

Kọ́kọ́rọ́ kékeré tó wà lára àpótí kò lè dá olè tó mú irin gígùn dání dúró. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, táyà tó jẹ́ kó rọrùn fún oníṣẹ́ láti ti àpótí kiri náà ló máa jẹ́ kó rọrùn fún olè láti tì í jáde. Mẹkáníìkì tí wọ́n bá jí irinṣẹ́ rẹ̀ lóru kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì lè gbà á ní ọdún kí ó tó rí òmíràn kó jọ. Kí wọ́n ri òrùka irin mọ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ tàbí òpó ilé, kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo tó nípọn so àpótí mọ́ ọn lálaalẹ́. Kí wọ́n kọ orúkọ irinṣẹ́ sínú ìwé kan, kí wọ́n sì fi àmì sí ara wọn.

Tuntun, tòkunbọ̀ tàbí ti wẹ́dà?

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi iye náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu rẹ̀, owó ọjà òkèèrè ti gòkè gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gba ọjà Ládipọ̀ tàbí Òwòdé Onírin l'Ékòó lọ láti wá tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ tó dára wà, ṣùgbọ́n kí oníbàárà ká rọ́bà tó tẹ́ sínú dúrọ́ọ̀ sókè kó wo ìpẹtà abẹ́ rẹ̀, kó rí i pé kọ́kọ́rọ́ wà, kó sì tì í rìn níṣojú ẹni tó ń tà á. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Abẹ́òkúta wà nínú iye tí yóò ná an.

Èyí tí wẹ́dà àdúgbò bá ṣe ní àǹfààní tirẹ̀. Wọ́n lè ṣe é ní ìwọ̀n àyè ilé, kí wọ́n fi táyà tó tóbi sí i, bó bá sì bàjẹ́, ẹni tó ṣe é kò jìnnà. Kí oníṣẹ́ gbé irinṣẹ́ rẹ̀ tó gùn jù dání lọ bá wẹ́dà, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, kí wọ́n kọ géèjì irin àti iye dúrọ́ọ̀ sílẹ̀, kó má sì san owó tán kí iṣẹ́ tó parí. Ibi tí èyí ti sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó ni dúrọ́ọ̀. Ó dára kí wọ́n ra irin oní-bíárìn tí àwọn tó ń ta ohun èlò káfíńtà ní, kí wọ́n lọ etí irin kó má gé ènìyàn lọ́wọ́, kí wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà kí wọ́n tó kun àwọ̀ sí i.

Èyíkéyìí tó bá yàn, kó má fi owó tó fi ń ra ọjà iṣẹ́ rà á. Àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ibi tó yẹ kí irú owó bẹ́ẹ̀ ti jáde, torí àpótí kò lè mú owó wọlé lọ́sẹ̀ tí wọ́n rà á.

Lẹ́yìn tó bá délé

Àwọn ará Japan ní ìlànà márùn-ún tí ilé iṣẹ́ bíi Toyota fi gbajúmọ̀: kí wọ́n ṣa ohun tí kò wúlò kúrò, kí wọ́n to èyí tó kù, kí wọ́n nu ún, kí wọ́n sọ ọ́ di òfin, kí gbogbo ènìyàn sì máa pa òfin náà mọ́. Oníṣẹ́ Ẹ̀gbá lè fi fọ́ọ̀mù àlòkù ṣe é. Kó gé fọ́ọ̀mù náà ní ìwọ̀n dúrọ́ọ̀, kó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú ibi tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dùbúlẹ̀ sí. Nírọ̀lẹ́, ojú tó bá ṣófo ló máa sọ ohun tí kò tíì padà, kí oníbàárà tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà òjò, kí wọ́n fi aṣọ tó ní òróró díẹ̀ nu irinṣẹ́ kí wọ́n tó kó o pamọ́, kí wọ́n sì fa àpótí kúrò lára ògiri tó ń rin. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n gbá eruku kúrò nínú ọ̀nà tí dúrọ́ọ̀ ń gbà rìn. Irinṣẹ́ tó bá dípẹtà nínú àpótí olówó ńlá kò sàn ju èyí tó wà nínú garawa lọ.

Ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò tíì ju kílò 20 lọ lè fi àpótí ọwọ́ ṣe é ná, kó máa tò ó bó ṣe yẹ. Ẹni tí tirẹ̀ ti pọ̀, tó ní ilẹ̀ tó tẹ́jú àti ibi tí yóò so ẹ̀wọ̀n mọ́, òun ni àpótí onítáyà wà fún. Kó wọn ẹrù rẹ̀, kó wo ilẹ̀ rẹ̀, kó tó wo àwọ̀.