Ìdí Tí Ohun Ọ̀sìn Inú Ilé Fi Ń Sá Pamọ́

Ní agbo ilé kan ní Ìkòtún, tí kò jìnnà sí ọjà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìyá àgbà kan àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ nítorí ẹyin adìyẹ. Adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́ta ni ìyá náà ń sìn. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ó pupa, ti ń yé fún bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, nítorí gbogbo ilé ni ó ń gbọ́ igbe rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó fi ojú kan ẹyọ ẹyin kan. Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wí pé ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ń gbé ilé kejì ni ó ń kó wọn jẹ. Bàbá ọmọ náà na ọmọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kò kí ìyá àgbà mọ́. Báyìí ni ọ̀ràn wà nígbà tí òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ kan yà sí ilé náà nítorí ohun mìíràn, tí wọ́n sì ro ẹjọ́ fún un.

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi adìyẹ fúnra rẹ̀ léèrè."

"Ṣé adìyẹ ń sọ̀rọ̀ ni, ọmọ mi?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, Ìyá. Ojoojúmọ́ ni ó ń pariwo. Ibi tí ó ti ń jáde wá kí ó tó pariwo ni a kò wò."

Ní ọjọ́ kejì wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ ní abẹ́ igi ọsàn, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, adìyẹ pupa rìn yí ilé ká bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ó dúró, ó wo ẹ̀yìn, ó sá àgbàdo méjì jẹ, ó sì yọ́ wọ àárín àwọn páànù àlòkù tí a fi ti ògiri. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ó jáde, ó gun orí òkìtì yanrìn, ó sì ké títí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. Nígbà tí a ṣí páànù, ẹyin méje ni ó wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ránṣẹ́ pe ọmọ náà níwájú bàbá rẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú sí mi," ni ó wí, "ojú mi ni ó tàn mí." Ó fi ẹyin mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbà á.

Ohun tí adìyẹ náà ṣe kì í ṣe ìwà burúkú. Gbogbo adìyẹ ilé wa ni ó ti ara adìyẹ igbó pupa ti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà sẹ̀ wá, èyí tí àwọn ènìyàn ti ń sìn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Nínú igbó, abo adìyẹ a máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ewéko tí ó ṣú, a sì máa yé síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ejò àti awọ́nríwọ́n àti àwọn ẹranko mìíràn ń wá ẹyin kiri. Ibi tí ó ṣókùnkùn, tí ó há, tí ẹsẹ̀ kì í sì í gbà kọjá, ni ara rẹ̀ ń fẹ́. A lè kọ́ ilé fún un, a lè fún un ní àgbàdo àti omi, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yìí kò kúrò lára rẹ̀.

Èéṣe, nígbà náà, tí ẹni tí ó fi ohun pamọ́ yóò fi máa kígbe lẹ́yìn tí ó fi í pamọ́ tán? Àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé nínú igbó, àwọn ẹgbẹ́ adìyẹ náà ti lè rìn jìnnà nígbà tí ó wà lórí ìtẹ́. Ó wá ń ké kí àkùkọ lè wá mú un padà sí àárín wọn. Àwọn mìíràn wí pé ó ń fa ojú ọ̀tá kúrò ní ìdí ìtẹ́ ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ọgbọ́n tí ó dára nínú igbó di ẹ̀rín ní agbo ilé, nítorí pé ènìyàn ni ẹni tí ń wá ẹyin níhìn-ín, ènìyàn sì mọ ohun tí igbe náà túmọ̀ sí.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ́ irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ rántí ohun kan. Adìyẹ a máa lo bí wákàtí 24 sí 26 láti pèsè ẹyin kan nínú ara rẹ̀. Nítorí náà àkókò tí ó ń yé kì í dúró sí ojú kan: bí ó bá yé ní aago mẹ́jọ lónìí, ó lè di aago mẹ́sàn-án lọ́la, títí yóò fi fo odindi ọjọ́ kan kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ọ ní aago kan náà lójoojúmọ́ yóò máa pàdánù rẹ̀, yóò sì padà wá dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi.

Ó sàn kí a fún un ní ibi ìpamọ́ tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn ju kí a máa lé e kiri lọ. Àpótí tàbí apẹ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn, àti ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga, tó fún adìyẹ kan. Ẹyọ kan lè tó fún adìyẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ń yé. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i nínú, ẹ gbé e sí igun tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, kí ó má ṣe wà ní ojú ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ fi òkúta funfun kan tí ó rí bí ẹyin sínú rẹ̀, kí ó lè rò pé adìyẹ mìíràn ti rí ibẹ̀ bí ibi àìléwu. Kí ẹ sì máa sé wọn mọ́ ilé títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbà. Alágídí kan lè wà tí kò ní gbà. Ti òun ni kí a máa ṣọ́.

Bí ẹ bá rí ìtẹ́ tí ó ti pẹ́ nínú igbó, ẹ má ṣe gbé ẹyin ibẹ̀ lọ sí ọjà láì dán an wò. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ omi tútù. Èyí tí ó bá dùbúlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ jẹ́ tuntun. Èyí tí ó bá nàró ní ìsàlẹ̀ ti pẹ́. Èyí tí ó bá léfòó, ẹ dà á nù. Omi inú ẹyin ni ó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ gba ara èèpo, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá adìyẹ lórí wọn tí ó ń sàba, ọ̀ràn yàtọ̀. Ọjọ́ 21 ni yóò fi pa wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ keje, ẹ mú ẹyin kan sínú òkùnkùn kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀: bí ọmọ bá wà níbẹ̀, ẹ óò rí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn. Ní alẹ́ ni kí ẹ gbé òun àti ẹyin rẹ̀ wọ ilé, nítorí kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn, kò sì ní bá yín jà púpọ̀.

Ní ìhà Ìgàndò, níbi tí oko ṣì kù díẹ̀ láàárín àwọn ilé, ewúrẹ́ ni a ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ jù. Bí oyún rẹ̀ bá pé nǹkan bí ọjọ́ 150, èyí tí í ṣe oṣù márùn-ún, a yà kúrò láàárín àwọn yòókù, a sì wá ibi ìkọ̀kọ̀ bí sí. Lẹ́yìn náà ó fi ọmọ sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, ó lọ jẹun, ó sì padà wá fún un ní ọmú. Àgùntàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ a máa tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ ewúrẹ́ kan ní òun nìkan, ẹ má ṣe yára rò pé ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ rí i dájú nìkan pé ó ti mu omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tí ó nípọn, láàárín wákàtí mẹ́fà tí a bí i, nítorí inú rẹ̀ ni agbára tí ń gbógun ti àrùn wà.

Ọmọ ewúrẹ́ náà kò tíì mọ iṣẹ́ ìsápamọ́ dáadáa. A rí ọ̀kan tí ó ti orí bọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ nígbà tí ajá gbó, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà ní gbangba, tí ìrù rẹ̀ ń jà fírífírí. Bí ọmọ kékeré tí ń ṣe bojúbojú, tí ó fi ọwọ́ bo ojú ara rẹ̀, tí ó sì rò pé a kò rí òun mọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ajá àti ológbò ní tiwọn pẹ̀lú. Ọmọ ajá tí ó jẹ ẹran inú ìkòkò yóò sá sí abẹ́ ibùsùn. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, ìrù rẹ̀ yóò máa lu garawa gbì gbì gbì, yóò sì fi ara rẹ̀ hàn. Ológbò gbọ́n jù ú lọ, ó lè wọ inú àpò ìrẹsì kí ó má mira rárá, ṣùgbọ́n bí a bá tan iná sí i ní alẹ́, ojú rẹ̀ méjèèjì yóò kọ mànà bí ẹyin iná. Awọ kan wà ní ẹ̀yìn ojú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kí ó lè ríran nínú òkùnkùn. Òun náà ni ó ń tú àṣírí rẹ̀. Bí ó bá bímọ, tí ẹ sì ń lọ wò wọ́n lemọ́lemọ́, yóò fi ẹnu gbé wọn ní ẹ̀yìn ọrùn lọ sí ibòmíràn. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ní oṣù December, nígbà tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá bá bẹ̀rẹ̀ sí yin nọ́káòtù, ọ̀pọ̀ ajá yóò sá sábẹ́ mọ́tò tàbí sínú ilé ìwẹ̀. Etí ajá ń gbọ́ ohùn tí ó tín-ín-rín ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ, ìró náà sì ń dẹ́rù bà á. Ẹ má ṣe fi okùn wọ́ ọ jáde, ẹ má sì nà án. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí ajá tí ẹ̀rù ń bà nínú ihò, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kí ó ṣọ́.

A ti rẹ́rìn-ín tó. Ìsápamọ́ kan wà tí kò ní ẹ̀rín nínú. Ẹranko igbó tí ó bá fi àìsàn hàn ni ọ̀tá ń kọ́kọ́ mú, nítorí náà ohun ọ̀sìn wa ṣì ń fi àìsàn pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Adìyẹ tí ó dá dúró ní igun, tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣù jọ, tí kò wá síbi oúnjẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ àrùn Newcastle tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní lúkúlúkú, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní Ìbàdàn láàárín 1952 sí 1953. Kò ní oògùn nígbà tí ó bá ti dé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni ó ń dènà rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù lọ ni ti ajá. Ajá tí ó ti ń bá ènìyàn ṣeré tẹ́lẹ̀, tí ó dédé ń sá sí ibi òkùnkùn, tí kò mọ olówó rẹ̀ mọ́, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí itọ́ ń ṣàn ní ẹnu rẹ̀ tàbí tí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀, ó lè jẹ́ pé dìgbòlugi ni. Kí ọmọdé kankan má ṣe wọlé tọ̀ ọ́ láti fún un ní omi. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Bí ó bá ti ge ènìyàn jẹ tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà fún abẹ́rẹ́, bí egbò náà tilẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin kan ní abẹ́rẹ́ yìí ní Faransé, ó ti ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n nígbà tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yọrí sí nígbà gbogbo. Agbo tàbí ewé tí a fi dí ojú egbò kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́.

Ọmọ ajá tí ó bá pé oṣù mẹ́ta ni kí a gún ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí a sì tún un ṣe ní ọdọọdún. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, wà lára àwọn tí ń ṣe irú àjẹsára bẹ́ẹ̀ fún ajá àti fún adìyẹ. Ti adìyẹ ni ó ń nira fún ẹni tí ó ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí pé ìgò kan sábà máa ń tó fún àádọ́ta adìyẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá sì ti po ó, a gbọ́dọ̀ lò ó tán láàárín wákàtí díẹ̀. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò kan yan ọjọ́ kan, kí wọ́n ka adìyẹ gbogbo ilé ní alẹ́ tí ó ṣáájú nígbà tí wọ́n ti wọlé sùn, kí wọ́n dá owó ìgò náà jọ, kí wọ́n sì gbé e wá nínú omi dídì. Kí olúkúlùkù má ṣe ṣí ilé adìyẹ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó mọ ìsápamọ́ jù lọ ni a kò ní rí mú.